Ojú Jésù Lọ́wọ́ Àwọn Oníṣọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn àgbà ìjọ sọ nínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lágeré, Ilé-Ifẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde nìyí. Mo ti yọ ìkíni gígùn kúrò. Díẹ̀ lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí wà lápá ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé nítorí ọ̀rọ̀ àwòrán, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kàlẹ́ńdà. Ó ṣòro kí ènìyàn wọ ilé onígbàgbọ́ ní Ifẹ̀ yìí kó má bá ọkùnrin yẹn pàdé: irun gígùn tó dà sí èjìká, irùngbọ̀n tí wọ́n tọ́jú dáadáa, imú tẹ́ẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó rọra ń tàn níwájú orí, ojú tó ń wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wà lẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀ akérò. Ó wà lára abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pín níbi òkú àgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá jí láàárọ̀ tó ní òun rí Jésù lójú àlá, ẹ bi í bó ṣe rí. Ọkùnrin inú kàlẹ́ńdà náà ni yóò ṣàpèjúwe fún yín, títí dórí bí ó ṣe ya irun rẹ̀.

Ọkùnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Warner Sallman ló yà á ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Èédú ló kọ́kọ́ fi yà á ní 1924 fún ìwé ìròyìn ìjọ rẹ̀. Nígbà tó di 1940 ló wá fi ọ̀dà kùn ún bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní kékeré tó wọ àpò, wọ́n sì pín in fún àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ń lọ sójú ìjà. Ogun parí, ìtẹ̀wé ò parí. Ẹ̀dà tí wọ́n ti tẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 500. Àwọn tó ń ṣe kàlẹ́ńdà tiwa lónìí, kódà bí wọn ò gbọ́ orúkọ Sallman rí, ojú ọ̀nà tí ó là ni wọ́n ń tọ̀.

Mi ò bá Sallman jà. Àwọn tó wà láyìíká rẹ̀ ló wò, ló fi ya Olúwa rẹ̀, kò sì sí ẹ̀yà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa ará Ifẹ̀, ìlú tí wọ́n ti ń fi idẹ mọ ojú ènìyàn nígbà tí Chicago ṣì jẹ́ àbàtà, àwa náà la gba ojú kan ṣoṣo lọ́wọ́ oníṣòwò ìwé, tí a sì sọ ọ́ di òfin. Ẹ gbé òmíràn ka iwájú wa, a ó ní ère òrìṣà ni, tàbí ká bú sẹ́rìn-ín.

Bíbélì ńkọ́? Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù sọ fún wa pé ó sunkún, pé ó sùn lórí ìrọ̀rí nínú ọkọ̀ ojú omi, pé ó tutọ́ sílẹ̀ ó fi po amọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ bóyá ó ga tàbí ó kúrú, bóyá ó pọ́n tàbí ó dú. Júdásì pàápàá ní láti fẹnu kò ó lẹ́nu kí àwọn tó wá mú un lè mọ èwo ni. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ bá ń tàn lórí rẹ̀, ṣé ó yẹ kí wọ́n tún máa fi àmì hàn án láàárín ènìyàn méjìlá? Ó jọ àwọn tó bá a rìn ni. Ní ti irun gígùn, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé àbùkù ni irun gígùn jẹ́ fún ọkùnrin. Kò dájú pé yóò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí irun Olúwa rẹ̀ bá dà sí èjìká. Ní 2001, Richard Neave, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń fi agbárí mọ ojú òkú padà, lo agbárí ọkùnrin Júù kan tó gbé ayé ní nǹkan bí àkókò Jésù, ó fi mọ ojú kan fún BBC. Ojú náà fẹ̀, awọ rẹ̀ dúdú díẹ̀, irun rẹ̀ kúrú ó sì ká. Òun náà ò sọ pé Jésù nìyẹn. Ará àdúgbò rẹ̀ lásán ni. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn bínú bí ẹni pé wọ́n bú ìyá wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nínú àwọn àwòrán Jésù lórí àgbélébùú tó pẹ́ jù lọ tó ṣì wà láyé, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ẹlẹ́yà ló yà á. Ní 1857 ni wọ́n rí i lára ògiri kan lórí òkè Palatine ní Róòmù, níbi tí ààfin àwọn ọba wọn wà. Ẹnì kan fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó ha ògiri náà: ọkùnrin kan wà lórí àgbélébùú, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkùnrin mìíràn dúró nísàlẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n wá fi èdè Gíríìkì kọ ọ́ síbẹ̀, kíkọ ọmọléèwé, pé Alexamenos ń sin Ọlọ́run rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 200 ni àwọn onímọ̀ fi í sí. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ìsìn ṣe yẹ̀yẹ́ yín rí ní kíláàsì tàbí níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n yín ni Alexamenos.

Àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn ò ya àgbélébùú nígbà yẹn. Ikú ọ̀daràn ni, ojú wọn ṣì ń rí i létí títì. Nínú àwọn ibojì abẹ́ ilẹ̀ ní Róòmù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní irùngbọ̀n ni wọ́n yà, irun rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó gbé àgùntàn kọ́ èjìká. Àwọn ará Róòmù ti ń ya irú olùṣọ́ àgùntàn bẹ́ẹ̀ kí onígbàgbọ́ tó dé. Àwọn onígbàgbọ́ kàn yá a lò ni. Ní Dura-Europos ní ilẹ̀ Síríà, wọ́n hú ilé kan jáde tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì ní nǹkan bí ọdún 235. Jésù tó wà lára ògiri ibẹ̀ kéré, kò ní irùngbọ̀n, ó ń wo arọ sàn. Ẹni tó gba ojú àwòrán náà gan-an ni arọ ọ̀hún: ó ti gbé ibùsùn rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń lọ sílé. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ni àwòrán yẹn wà báyìí.

Ní 313, Constantine, ọba Róòmù, fún àwọn onígbàgbọ́ lómìnira, kò sì pẹ́ tí àwòrán fi yí padà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ààfin ni wọ́n wò kí wọ́n tó ya Jésù. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 400, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Pudenziana ní Róòmù, Jésù ti jókòó sórí ìtẹ́, ó wọ aṣọ wúrà, àwọn àpọ́sítélì jókòó sọ́tùn-ún àti sósì bí ìjòyè. Irùngbọ̀n ti dé. Ibi tí irùngbọ̀n yẹn ti wá ò ṣàjèjì sí wọn: Zeus àti Jupiter, àwọn òrìṣà àgbà ilẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ wọn. Àwọn tó ń sọ fún wa pé ọ̀nà Yorùbá ń rùn òrìṣà, kí wọ́n bi irùngbọ̀n inú kàlẹ́ńdà wọn ibi tí ó ti wá.

Àwòrán tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ti àtijọ́ nìyí lára ògiri. (Mo fi pírójẹ́kítọ̀ gbé e sókè. Bí ẹ bá ń kà á nílé, ẹ wá a lórí fóònù: Jésù ti Síínáì, ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà.) Ilé àwọn mọ́ńkì Saint Catherine ní ẹsẹ̀ òkè Síínáì ló wà. Ìda oyin gbígbóná ni wọ́n po àwọ̀ mọ́, tí wọ́n fi kùn ún sórí pákó. Ìda ò ṣàjèjì sí wa níbí, òun náà ni àwọn tó ń rọ idẹ fi ń mọ nǹkan kí wọ́n tó da idẹ sí i. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan jáde wá fi páálí bo ìdajì ojú yìí. Ẹ wo apá òsì tó kù, ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó fi ń súre. Ojú náà rọ̀, ó là, ẹ lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ yín fún un. Ẹ wá bo apá yẹn, kí ẹ ṣí ìkejì, ní ẹ̀gbẹ́ tó gbé ìwé dání. Ìpéǹpéjú ti gbé sókè, abẹ́ ojú ti dúdú, ètè ti lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Adájọ́ nìyẹn.

(Ìyá kan nísàlẹ̀ sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, bí ọkọ mi gan-an nìyẹn." Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ilé tó dákẹ́.)

Ọkùnrin tó ya iṣẹ́ yìí kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ pé ojú kan ò tó láti sọ ohun tí òun gbàgbọ́, ó fi méjì pamọ́ sínú ẹyọ kan. Ẹ tún gbọ́ bí àwòrán náà ṣe yè. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ, àwọn ọba ní Constantinople gbógun ti àwòrán nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sun ún, títí di 843 tí ọ̀rọ̀ náà fi rodò lọ mumi. Ọwọ́ wọn ò dé Síínáì. Ìdí ni pé abẹ́ ìjọba àwọn Mùsùlùmí ni Síínáì wà nígbà náà. Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ kan, a máa tó lò ó.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí ni kí n wá sọ pé òyìnbó ló kun Jésù ní funfun, kí àwa náà kun ún ní dúdú, kí á pàtẹ́wọ́ kí á máa lọ. Bí a bá mú ọkùnrin inú kàlẹ́ńdà, tí a fi èédú ra á lójú, tí a fi í sílẹ̀ síbi tó wà, kí la ṣe? Àwọ̀ ara ló rọrùn jù láti yí padà. Ẹni tó bá mọ àwòrán wò, ohun tí Jésù gbé dání ló ń wò, ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀, àti irú ènìyàn tó dúró tì í.

Àpẹẹrẹ kan. Láàárín 1512 sí 1516, ará Jámánì kan, Matthias Grünewald, kun pẹpẹ fún àwọn mọ́ńkì Saint Anthony ní Isenheim. Ó wà ní Colmar ní Faransé báyìí. Ilé ìwòsàn ni àwọn mọ́ńkì náà ní. Àrùn kan wà nígbà yẹn tí wọ́n ń pè ní iná Saint Anthony: ebu tó ń hù lára ọkà rye ló ń fà á. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì rẹ̀, ara rẹ̀ á máa jó o bí iná, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á dúdú, á jẹrà, wọ́n á gé e. Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá síwájú pẹpẹ yìí. Jésù tí Grünewald kun fún wọn, awọ rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé, egbò wà káàkiri ara rẹ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ là gbànràn, wọ́n sì ká kò. Ojú òyìnbó ni, a ò jiyàn. Àmọ́ aláìsàn tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn gbójú sókè, ó rí àìsàn tirẹ̀ lára Ọlọ́run. Èyí jìn ju àwọ̀ lọ.

Ní Cusco ní orílẹ̀-èdè Peru, ní nǹkan bí 1753, Marcos Zapata ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sínú kàtídírà ìlú náà. Lórí abọ́ tó wà níwájú Jésù, ẹranko kékeré kan dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Cuy ni wọ́n ń pè é, ó jọ òkété, òun sì ni ẹran àsè àwọn ará òkè ibẹ̀. Àwọn Sípáníìṣì tó ṣẹ́gun wọn ló mú irú iṣẹ́ ọnà tí Zapata kọ́ wá síbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ náà tán, ó gbé ẹran ìyá rẹ̀ sórí tábìlì. Ní Lima, olú-ìlú ibẹ̀, ẹrú ọmọ Àńgólà kan ló ya Jésù lórí àgbélébùú sára ògiri ní nǹkan bí 1651. Ilẹ̀ mì ní 1655, ilé wó lulẹ̀, ògiri yẹn dúró. Títí di òní, nínú oṣù Kẹwàá, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń wọ aṣọ àlùkò tẹ̀lé ẹ̀dà àwòrán náà káàkiri ìgboro. Ẹrú dúdú ló yà á o, ìgbà tí kò tilẹ̀ ní ilé tirẹ̀.

Ní Ethiópíà, àwọn ayàwòrán ti ń ya Jésù ní àwọ̀ ara wọn láti ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú ojú ńlá ńlá. Òfin iṣẹ́ ọnà wọn tilẹ̀ dùn mọ́ mi: ẹni rere, wọ́n á ya ojú rẹ̀ méjèèjì, ẹni ibi, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n á yà, ojú kan ṣoṣo ni ẹ ó rí.

Ti Kóńgò ló gba àlàyé. Ní 1491 ni ọba wọn, Nzinga a Nkuwu, ṣèrìbọmi, kò sì pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àgbélébùú fúnra wọn pẹ̀lú idẹ. Ẹ wo èyí: imú Jésù fẹ̀, ojú rẹ̀ dì bí ojú ère ilẹ̀ wọn. Lókè apá àgbélébùú àti nísàlẹ̀, àwọn ènìyàn kéékèèké kúnlẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ pọ̀. Irú wọn kò sí nínú ti àwọn Pọ́túgà tó gbé ẹ̀sìn náà wá bá wọn. Àwọn ìjòyè máa ń mú un jáde bí wọ́n bá ń dájọ́ tàbí bí wọ́n bá ń fi olóyè jẹ. Ọwọ́ àṣẹ ló di. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan dìde, Beatriz Kimpa Vita, tí ogun abẹ́lé ti ba ìlú rẹ̀ jẹ́. Ó ń wàásù pé Kóńgò ni wọ́n ti bí Jésù, pé ọmọ Kóńgò ni Màríà. Ó kó àwọn ènìyàn padà sí olú-ìlú tó ti dahoro. Ní 1706 wọ́n sun ún láàyè, àwọn àlùfáà Capuchin tó wá láti Ítálì sì fọwọ́ sí i. Ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún tàbí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé ọ̀rọ̀ ojú Jésù ò ju eré lọ, ẹ rántí ọmọ náà.

Ní Japan ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé ẹ̀sìn onígbàgbọ́ kúrò nílùú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, wọ́n á gbé àwòrán Jésù tàbí ti Màríà tí wọ́n fi irin rọ sílẹ̀, gbogbo ará àdúgbò á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn irin náà ṣì wà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ti pa ojú ara wọn rẹ́; imú ò hàn mọ́.

Ronald Harrison ti South Africa súnmọ́ wa jù. Ní 1962, ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà, ó ya Jésù lórí àgbélébùú. Ojú tó fún un ni ojú olóyè Albert Luthuli, aṣáájú ANC, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ jà, tí ìjọba ti sé mọ́lé. Sójà Róòmù méjèèjì tó wà nísàlẹ̀, ọ̀kan gbé ojú Verwoerd, olórí ìjọba, ìkejì gbé ojú Vorster, mínísítà ìdájọ́. Wọ́n fòfin de àwòrán náà, wọ́n mú Harrison, wọ́n dá a lóró. Àwọn ọ̀rẹ́ yọ́ àwòrán náà gbé jáde lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà níbẹ̀ títí ìjọba fi yí padà. Ó ti padà sí Cape Town báyìí. Jésù Harrison dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé: tó bá jẹ́ pé ó kun ún ní dúdú nìkan, ọlọ́pàá ò ní wá kanlẹ̀kùn. Àwọn tó fi sí ẹsẹ̀ àgbélébùú ló gbé ọlọ́pàá wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé.

Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, wá sí Ifẹ̀ ní 1910, tó rí Orí Olókun àtàwọn ojú amọ̀ tó wà níbí, kò gbà pé àwọn baba wa ló ṣe é. Ó ní ìyókù àwọn ará Gíríìkì kan láti Atlantis, erékùṣù inú ìtàn àtẹnudẹ́nu, ló wà níbẹ̀. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, orí idẹ mìíràn tún jáde, iyàn parí. Bí ẹ bá gòkè lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ní Ẹnuwá, ẹ ó rí ojú ènìyàn pẹ̀lú ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ìlú tó mọ ojú mọ nìyí.

Àwọn kan á ní Yorùbá ò lè ṣe ère Jésù kó má di bíbọ. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò wo ère Yorùbá dáadáa. Olódùmarè ò ní ère, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ rí. Ẹ wá mú osé Ṣàngó kan, kí ẹ wò ó: obìnrin ló kúnlẹ̀, ó ru ẹdùn àrá méjì lérí. Ṣàngó kọ́ nìyẹn. Olùsìn rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ ère tó wà lójúbọ, ìyá ọlọ́mọ ni, ẹlẹ́ṣin ni, onílù ni, àwọn ènìyàn tó wá bọ nǹkan ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń gbẹ́ ohun tó bá rí. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ Ambrose sára ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé e nínú àmọ́kà lórí bí ẹrù, Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, sì jókòó gbọnin níwájú rẹ̀ pẹ̀lú adé lórí. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ ṣàfihàn ní Wembley. British Museum ò jẹ́ kó padà mọ́, wọ́n fi àga ọba kan ṣe pààrọ̀ rẹ̀ fún kábíyèsí.

Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì méjì láti SMA, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì tó ń ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé-iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọn ò kó ère wá láti Ítálì. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ ilé gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti ń ṣe é bọ̀ láti ìrandíran. Bándélé, ọmọ Àreògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin, ni ọ̀gá nínú wọn. Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá Ọ̀ràngún wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn, àgbélébùú àti àwọn ère ìbí Jésù. Àwọn mìíràn hun aṣọ, àwọn mìíràn sín ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn amòye tó wá láti ìlà oòrùn wọ aṣọ bí ọba ilẹ̀ wa, ẹ̀bùn wọn wà lọ́wọ́. Orí gbogbo wọn tóbi ju bí orí ènìyàn ṣe ń tóbi lọ, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ara, nítorí orí lẹni. Jésù tiwọn náà ní orí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kankan ò ní láti kọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀sì pé ẹni tó wà láàárín pákó ni olórí.

Mùsùlùmí ni Làmídì. Orúkọ ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ifá, ó ń kí ìrun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ó sì ń gbẹ́ Jésù fún àwọn Kátólíìkì. Ẹ rántí Síínáì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé nílé Yorùbá, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà náà. Àwọn tí inú wọn ò dùn wà nínú ìjọ fúnra rẹ̀: wọ́n ní iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ jọ ti abọ̀rìṣà jù, ère tó ń dán tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù ló wù wọ́n. Ní 1954 ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Carroll ò fi àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tèmi, láti ìgbà náà la ti ń rọ́pò igi ìrókò pẹ̀lú bébà.

Bébà, lẹ́yìn náà fíìmù. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí fíìmù Jésù ti 1979 tí wọ́n ń ta aṣọ funfun fún ní pápá lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìn. Wọ́n ti gbé e sí èdè tó lé ní 2,000, Yorùbá wà nínú rẹ̀. Jésù ń sọ Yorùbá tó já gaara, ẹnu òṣèré ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ló sì ti ń jáde. A sunkún, a jáde síwájú, a ò kíyè sí i. Ohùn ti dé Ifẹ̀, ojú ò tíì dé.

Ibí ni mo dánu dúró sí lọ́jọ́ náà, a wá gba ìbéèrè.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ bèèrè pé, "Òfin kejì ńkọ́? Ìwọ kò gbọdọ̀ yá ère fún ara rẹ." Mo ní, bàbá, ẹ ṣeun. Bí ó bá jẹ́ pé òfin yẹn lẹ fẹ́ pa mọ́ pérépéré, mo bọ̀wọ̀ fún un, àwọn ìjọ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ ògiri wọn sì funfun báláú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó dé orí kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. A ò lè pe ti Fákẹ́yẹ ní ère, ká wá pe ti Chicago ní ẹ̀ṣọ́ ilé.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ní òun ń ya àwòrán, pé báwo ni òun ṣe máa ya Jésù tí kò ní jọ ti ẹnikẹ́ni. Mo ní kó má bẹ̀rẹ̀ látorí ojú. Kó kọ́kọ́ ronú ibi tó máa jókòó sí: ṣé lábẹ́ igi ní ọjà ni, ṣé ní wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn ni? Ta ló jókòó tì í? Kí ló wà nínú abọ́? Àgbà ìjọ kan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó dára ju tèmi lọ. Ó ní, "Ọba tiwa, ta ló ń rí ojú rẹ̀? Ìlẹ̀kẹ̀ adé ló ń bò ó. Ya adé tó ní ìbòjú, kí o ya ọwọ́ méjì pẹ̀lú ojú ìṣó, a ó mọ ẹni tí í ṣe." Mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, mi ò bá irú rẹ̀ pàdé. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan bèèrè ibi tí ènìyàn ti lè fojú ara rẹ̀ rí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí láìwọ bàálù. Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ lọ. Ilẹ̀kùn tí Làmídì gbẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì inú yunifásítì ibẹ̀. Nínú ọgbà yunifásítì kan náà, ní Chapel of the Resurrection, Ben Enwonwu gbẹ́ Jésù tó jíǹde sára igi. Ní Èkó, ní St. Paul's ní Ebute Metta, Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ya ìbùdó mẹ́rìnlá ìrìn àjò Jésù lọ síbi àgbélébùú sára ògiri ní àwọn ọdún 1960, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì wà lọ́rùn àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ní ti Ifẹ̀ níbí, Làmídì kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì wa, ìwọ̀nba ọ̀nà tí ẹ ó rìn ò ju kí ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Odùduwà Hall. Odùduwà tó gbẹ́ ní 1987 dúró síbẹ̀. Ọdún Kérésìmesì 2009 ló kú. Ẹ wo bó ṣe gbẹ́ ojú baba wa, kí ẹ wá lọ sí Ìbàdàn lọ wo bó ṣe gbẹ́ ojú Jésù. Ọ̀bẹ kan náà ni.